Ohun Tí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Nínú Yàrá Dúdú

"Sọ òtítọ́ fún mi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó sì fi ìka ti àwo gíláàsì náà sẹ́yìn bí ẹni tí oúnjẹ sú. "Ta ló ń parọ́ níbí, ṣé ẹ̀rọ ni àbí ìwọ?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló dúró níwájú rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó tínrín, bí inú bá sì ń bí i, ńṣe ló máa ń ká ọwọ́ aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ sókè, tí yóò tún tú u sílẹ̀. Ó ti ká a tó ìgbà mẹ́rin láàárọ̀ yìí.

"Mi ò parọ́, sà. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀."

"O kọ ọ́ pé kò sí ìyípadà kankan nínú kírísítálì yìí kí a tó tan iná sí i. Òdo lo kọ. Àná tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti yí padà. Iná wo ló tàn sí i? Ṣé òṣùpá ló wọlé wá bá a nínú yàrá dúdú?"

"Mi ò mọ̀, sà."

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kó gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ rẹ wá. Bí a bá rí i pé ńṣe lo hùmọ̀ iye tó wà níbẹ̀, o mọ ibi tí ọ̀nà wà."

Ní ìkángun yàrá náà, níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, ọkùnrin kan ń fọ ìgò. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Bàbá Yàrá Dúdú ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é, láti orí ọ̀gá pátápátá títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ku oṣù mẹ́wàá péré kó fẹ̀yìn tì. Òun kọ́ ló ń kọ ìwé ìwádìí, òun kọ́ ló ń gba oyè. Ṣùgbọ́n kò sí kírísítálì kan tó jáde dáadáa nílé náà tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ ṣòro láti ṣe. Wọ́n á da ìyẹ̀fun kan sínú omi kẹ́míkà gbígbóná, wọ́n á jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn, títí yóò fi dì, tí yóò sì yọ bí abẹ́rẹ́, ó pupa rúsúrúsú, ó ń dán. Kírísítálì nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá bà á, àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀, èyí tí ojú ò lè rí, á di ara wọn mú ní méjì méjì, méjì á di ọ̀kan. Kò ní yọ́, kò ní jóná. Líle tó le náà ló máa wà, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa ṣí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi funfun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá dúdú, níbi tí wọ́n ti fi bébà dúdú bo fèrèsé, tó jẹ́ pé iná pupa kékeré kan tí kò lè ṣe é ní nǹkan ni wọ́n fi ń ríran.

Ọmọbìnrin náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ ń mu tíì. Bàbá ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un rí.

"Nínú omi, Bàbá, wọn ò lè di ara wọn mú. Wọ́n kàn ń sáré kiri ni. Ìgbà tó bá dì, tí kálukú dùbúlẹ̀ sí àyè tirẹ̀, tí ojú ọ̀kan kọjú sí ojú èkejì, ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ lè so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìwọ̀n bíńtín jìnnà síra ju bó ṣe yẹ lọ, kí ìmọ́lẹ̀ máa tàn di ọdún tó ń bọ̀, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀."

"Bí èmi àti ìyàwó mi ṣe wà nìyẹn," ni Bàbá fèsì. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Dókítà Ọ̀la, nítorí ó dá a lójú pé dókítà ni yóò dà.

Ìyàwó Bàbá ti lọ bá ọmọ wọn obìnrin tó bí ìbejì lókè òkun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kó lọ lò. Oṣù mẹ́ta di mẹ́fà, mẹ́fà di ọdún kan, ọdún kejì ti wá ń lọ sópin báyìí.

Ọ̀rọ̀ òṣùpá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ yẹn ló gún Bàbá lọ́kàn. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú omi ọṣẹ. Kò fọ́. Ó nu ọwọ́, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ yàrá dúdú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Lábẹ́ fèrèsé, ní apá ọ̀tún, igun bébà dúdú náà ti ká. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ló ká a. Òun ni.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyàwó rẹ̀ tún ti sọ pé àwọn ọmọ kò tíì ṣeé fi sílẹ̀. Bàbá ní kò sí wàhálà. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe wà nínú yàrá náà nìkan, òkùnkùn dé bá a láyà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lórí. Kò ronú, ó ṣáà ká igun bébà náà sókè, ó fi ojú kan ibẹ̀. Ó rí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ igi nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ó rí ọkùnrin kan tó ń bu búrẹ́dì fún obìnrin kan. Ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí agogo mẹ́ta bá ti lù, Bàbá á ká igun náà sókè, á wòran fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, á sì tẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tó yá, téèpù tí wọ́n fi lẹ bébà náà mọ́ fèrèsé kò mú mọ́. Ó wá ń ki àkísà bọ ihò náà.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè ṣe. Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sá fún un kọ́ ni kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ ká bébà náà, ara ògiri ni ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí, ó jìnnà sí pẹpẹ. Ó fọkàn balẹ̀, kò sì tún wo ibẹ̀ mọ́. Kò rántí pé oòrùn kì í dúró sójú kan látoṣù dé oṣù.

Ó dúró de agogo mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Nígbà tó tó, ó fa àkísà yọ, ó sì yíjú padà. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ó na gbọọrọ gba inú yàrá kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sórí pẹpẹ kẹta, níbi tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló to àwọn àwo Dókítà Ọ̀la sí.

Ó jókòó sórí àpótí.

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Ojú rẹ̀ hàn lórí gíláàsì fóònù, ọmọ kan wà ní èjìká rẹ̀, èkejì ń ké lẹ́yìn.

"Dádì, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun." Kò tíì jẹ nǹkan kan. "Mọ́mì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ dúró ná. Fi í sílẹ̀! Mo ní kó o fi irun rẹ̀ sílẹ̀! Dádì, mò ń gbọ́ o, ẹ máa sọ ọ́. Ṣé kì í ṣe àìsàn?"

"Kì í ṣe àìsàn."

"Ṣé ẹ wà dáadáa?"

Ó wo ojú rẹ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ó yẹ ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, iná tàn káàkiri ilé, nǹkan ìṣeré kún ilẹ̀, ẹnìkan ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò hàn sí i.

"Mo wà dáadáa," ni Bàbá sọ. "Lọ tọ́jú àwọn ọmọ."

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Ọ̀la wá bá a níbi tó ti ń nu ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ bá mi ṣe kírísítálì yẹn. Ẹ wò mí lójú. Ṣé ẹ̀yin náà rò pé mo parọ́?"

"Rárá o. O ò parọ́."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i? Mo ti ka gbogbo ìwé tí mo ní. Àbí ìyẹ̀fun náà ò mọ́ ni? Àbí èmi ni mi ò mọ nǹkan tí mò ń ṣe?" Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Màmá mi ti sọ fún gbogbo ará ilé pé mo máa gboyè lọ́dún yìí. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún un, pé wọ́n lé mi torí irọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wá sẹ́nu Bàbá. Ó dé orí ahọ́n gan-an. Ó rò ó pé bí òun bá ti sọ ọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́wọ́ òun, orúkọ tí òun fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kan kọ́ á wó lulẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Má sunkún," ló sọ. "Ohun gbogbo máa yanjú."

Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó ní ẹ ṣé, ó jáde. Ẹ ṣé yẹn dun Bàbá ju èébú lọ.

Nígbà tó jáde tán, Bàbá ṣí àpótí irin kan tó máa ń tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àṣà rẹ̀ ni pé bí kírísítálì kan bá jáde dáadáa, yóò bu díẹ̀ pa mọ́, bí obìnrin ṣe ń tọ́jú irúgbìn. Díẹ̀ wà níbẹ̀ lára ti Dókítà Ọ̀la, inú omi kan náà ló ti jáde, ọjọ́ kan náà ló dì. Ó pín in sí méjì. Ó dá ọ̀kan padà sínú àpótí irin náà. Ó gbé èkejì sínú àwo, ó gbé e sórí pẹpẹ kẹta, sójú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí gan-an. Ní agogo mẹ́ta, ó fa àkísà yọ. Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye ìṣẹ́jú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún ṣe é lọ́jọ́rú.

Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dá òun lójú kí òun tó la ẹnu. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì tún ni pé ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà, kò fi ojú kan ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, ó ń wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ lórí àwo.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn tó ti tẹ bébà náà padà tó sì fi téèpù tuntun lẹ̀ ẹ́, ó gbé méjèèjì lọ sídìí ẹ̀rọ, ó wọ̀n wọ́n. Òun ló kọ́ gbogbo wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó ku ẹni tó máa sọ pé kò mọ̀ ọ́n lò. Èyí tó wà nínú irin kò yí padà rárá. Èyí tó wà lórí pẹpẹ, mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ti di ara wọn mú.

Ó kọ ọ́. Ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé náà. Láti ọdún tó ti wà níbẹ̀, ìwé ìwádìí àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ nìyẹn.

*

Ènìyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà: Ọ̀jọ̀gbọ́n, akọ̀wé kan, àti olórí ẹ̀ka, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í pariwo. Dókítà Ọ̀la jókòó síwájú wọn pẹ̀lú òkìtì ìwé lórí itan. Wọn ò tíì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tí Bàbá fi kan ilẹ̀kùn, tó sì wọlé láìdúró de ẹni tó máa ní kó wọlé.

"Bàbá, ìpàdé la wà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ.

"Mo mọ̀, sà. Ẹ̀sùn tí ẹ fi kàn án, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀."

Ó gbé ìwé rẹ̀ síwájú wọn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí, láìbu iyọ̀ sí i: igun bébà, àkísà, aago mẹ́ta, oòrùn tó yí ipò padà, àpótí irin, mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé wa jáde bí a bá gbé fóònù wọlé? Ta ló wá ń yọjú wá bá yín ní fèrèsé?"

"Kò sẹ́ni tó ń yọjú, sà."

Olórí ẹ̀ka tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga. "Kí lẹ wá ń wò níta, sà?"

Bàbá la ẹnu. Ó ti múra ohun tó pọ̀ sílẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n kò múra ìdáhùn ìbéèrè yìí.

"Ènìyàn ni, mà," ló sọ.

Akọ̀wé náà gbé bírò dúró. Olórí ẹ̀ka ti ìwé Bàbá síwájú rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ yìí kò jẹ̀bi," ló sọ fún akọ̀wé.

Nígbà tí wọ́n jáde, Dókítà Ọ̀la dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá rò pé yóò kí òun. Kò kí i.

"Lọ́jọ́ Ajé, mo bi yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo bi yín lójúkojú. Ẹ jẹ́ kí n sunkún níwájú yín, ẹ ní kí n má sunkún."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Ẹ má pè mí lọ́mọ yín. Iṣẹ́ oṣù méje ló bàjẹ́ yẹn, Bàbá. Oṣù méje!" Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀, ó tú u, ó sì lọ.

Wọn ò lé Bàbá níṣẹ́. Wọ́n ní nítorí ọdún tó ti lò. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní kó lọ máa ṣọ́ ilé ẹrù nísàlẹ̀ títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pe ìyàwó rẹ̀, ó sì sọ fún un kó gbé àwọn ọmọ fún ìyá wọn kó tó jókòó. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ fóònù. "Ìgbà gbogbo tí mo bá bi yín lẹ máa ń ní ẹ wà dáadáa."

"Bí mo bá ní mi ò wà dáadáa ńkọ́, ṣé wàá wá?"

Ìyàwó rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó pè padà: òun ti bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, ọmọ sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí òun má tíì padà wálé, àfi tí àwọn ìbejì bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé, ìyẹn lóṣù kẹsàn-án. Bàbá ní òun gbọ́. Kò fi kún un pé kò sí wàhálà.

Ilé ẹrù kún fún àga tí ẹsẹ̀ wọn ti ṣẹ́ àti páálí ìgò. Fèrèsé ńlá méjì wà níbẹ̀, tí kò sí bébà kankan lójú wọn, ṣùgbọ́n ògiri ilé kejì ni wọ́n kọjú sí. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni ò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá á to ìgò, á tún un tò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Dókítà Ọ̀la wọlé. Kò kí Bàbá. Ó gbé àwo kan kalẹ̀.

"Bí iyọ̀ ni kírísítálì mi ṣe ń jáde. Kò gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ṣe é."

Bàbá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Wẹ́wẹ́ ni lóòótọ́, kò tilẹ̀ dán. "Báwo lo ṣe ń mú un tutù?"

"Bí ìwé ṣe ní ká ṣe é."

"Ẹni tó kọ ìwé yẹn, kì í ṣe òun ló ṣe kírísítálì tó wà nínú rẹ̀. Èmi ni."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó sì tètè pa á mọ́. "Torí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

"Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn."

"Mo ti bi olórí ẹ̀ka. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé kí ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀."

Bàbá ṣa àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pé, ó gbé e gòkè, ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó kọjú sí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti mọ́ ọn. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó. Ó gbọ́ tí ìgò ń kan ìgò nínú lọ́hùn-ún.

"Ó ti yọ́ tán," ni ohùn Dókítà Ọ̀la wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Má gbé e kúrò nínú omi gbígbóná rẹ̀. Fi aṣọ wé ìkòkò omi náà pẹ̀lú abọ́ tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ nípọn, ìlọ́po mẹ́ta."

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Ìró aṣọ dún nínú lọ́hùn-ún. "Mo ti wé e. Kí ló kàn?"

"Kò sóhun tó kàn. Wákàtí mẹ́rin ni. Má ṣí i, má gbọ̀n ọ́n, má ṣílẹ̀kùn kí atẹ́gùn má bàa wọlé."

"Wákàtí mẹ́rin! Kí lẹ̀yin máa ń ṣe fún wákàtí mẹ́rin níbí?"

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń dá. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ohùn náà tún wá, ó sún mọ́ ilẹ̀kùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bàbá? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà."

"Inú ṣì ń bí mi o. Kò tíì tán."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣáà máa sọ̀rọ̀. Ohunkóhun. Òkùnkùn yìí pọ̀ jù."

Bàbá fa àga rẹ̀ síwájú títí orúnkún rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un: garawa ẹni tó ń gbálẹ̀, ìwé ìkìlọ̀ tó ti ya lára ògiri, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí wọ́n ń bọ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ọ̀kan wọn gbé bàtà lọ́wọ́.

"Kí ló dé tó gbé bàtà lọ́wọ́?" ni ọmọbìnrin náà béèrè.

"Dúró," ni Bàbá sọ. "Jẹ́ kí n bi í."